Ẹran Àsun àti Ìlò Iná

Uso jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó wà ní agbègbè Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀. Bí inawó bá délẹ̀ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí òkú àgbà, òórùn àsun kì í pẹ́ gba àdúgbò kan. Àsun ni ẹran ewúrẹ́ tí a fi iná wí irun ara rẹ̀ láì bó awọ rẹ̀, tí a sun, tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sì fi ata àti àlùbọ́sà yí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Oǹdó ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Lónìí, a ń rí i rà ní Èkó, a sì ń rí i rà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú.

Ewúrẹ́ kan kì í ṣe ohun kékeré lójú ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà á. Nítorí náà, ìtìjú ni fún onílé bí àlejò bá fi eyín fa ẹran títí, tí ó sì rọra tu ú sí ọwọ́. Àdánù ni pẹ̀lú, nítorí pé ajá ni yóò jẹ èyí tí ó kù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran náà lè má tí ì kọjá àtúnṣe; ẹni tí ń sè é ni kò mọ ohun tí ó ṣe é.

Àléébù méjì ni ó ń bá ẹran àsun jà, wọ́n sì jọra débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni líle, èkejì ni gbígbẹ.

Ẹran ewúrẹ́ tí ó ti dàgbà ni ó sábà máa ń le. Iṣan tí ó so ẹran pọ̀ nínú ara ẹranko náà ti yi. Ṣùgbọ́n bí a bá fi irú ẹran bẹ́ẹ̀ sínú omi gbígbóná fún ìgbà pípẹ́, iṣan náà yóò yọ́ díẹ̀díẹ̀. Òun ni ó máa ń mú kí omi ẹsẹ̀ màlúù dì nígbà tí ó bá tutù.

Ti gbígbẹ yàtọ̀. Bí a bá pín ẹran tútù sí ọ̀nà mẹ́rin, nǹkan bí mẹ́ta nínú rẹ̀ ni omi. Nígbà tí ooru inú ẹran bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹran a bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, a sì máa fún omi ara rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí alágbàfọ̀ ti ń fún aṣọ. Bí a bá tún ti aṣọ náà bọ omi, yóò mu ún. Ẹran kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tí ó bá ti jáde lára rẹ̀ kì í padà síbẹ̀ mọ́.

Èyí ni ó fi yẹ kí a yẹ ẹran wò kí a tó tọ́jú rẹ̀. Bí a bá fà á tí kò já, tí ó ń nà bí rọ́bà, ó le ni. Kí a dá a padà sínú omi, kí a dé e, kí a sì jẹ́ kí ó máa hó jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń já ní fọ́nránfọ́nrán láìsí omi nínú rẹ̀, ó ti gbẹ. Iná púpọ̀ sí i yóò wulẹ̀ bà á jẹ́ ni.

Àtúnṣe èyí tí ó gbẹ kò ṣòro. Kí a gbé e kúrò lórí iná lójú ẹsẹ̀, kí a gé ibi tí ó jóná dànù, kí a sì gé ìyókù ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ní ìdábùú fọ́nrán rẹ̀, kí eyín má baà ṣe wàhálà púpọ̀. Kí a wá gbé omi ẹran díẹ̀ kaná pẹ̀lú ata rodo gígún, àlùbọ́sà àti òróró díẹ̀. Nígbà tí ó bá ki, kí a da ẹran sí i, kí a yí i pọ̀, kí a sì sọ̀ ọ́ kíákíá. Ọbẹ̀ náà kò ní wọ inú ẹran. Ara rẹ̀ ni yóò bò, òun ni yóò sì mú kí ó rọrùn láti jẹ. Ṣùgbọ́n ẹran tí ó ti ń rùn kò ní àtúnṣe. Ata kì í wo irú rẹ̀ sàn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ àsun tí ó dára láti ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi omi ṣáájú iná. Kí ó fi iyọ̀ pa ẹran náà lára ní nǹkan bí wákàtí kan kí ó tó gbé e kaná. Iyọ̀ máa ń ran ẹran lọ́wọ́ láti di omi rẹ̀ mú. Kí ó fi omi díẹ̀ sè é nínú ìkòkò tí a dé, lórí iná tí kò le, títí ọ̀bẹ yóò fi wọ inú rẹ̀ láìsí agídí. Kí ó yọ ọ́, kí ó jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ, kí ó wá sun ún lórí ẹyín iná fún ìgbà díẹ̀, kí ó máa yí i padà. Lẹ́yìn náà ni yóò gé e, tí yóò sì fi ata yí i.

Ìdí wà tí ara ẹran fi gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó sun ún. Omi kì í gbóná kọjá ìwọ̀n 100 nígbà tí ó bá ń hó, ṣùgbọ́n ooru tí ń sọ awọ ẹran di pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ó sì ń fún un ní òórùn dídùn, ju èyí lọ dáadáa. Louis-Camille Maillard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé irú àyípadà yìí ní ọdún 1912.

Àwọn kan gbà pé bí iná líle bá kọ́kọ́ jó ara ẹran, yóò dí i, omi kò sì ní lè jáde. Justus von Liebig, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, tan irú èrò bẹ́ẹ̀ kálẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1847, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Iná líle ń fún ẹran ní adùn. Kò lè fún un ní omi.

Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ti ìkòkò, tí ó sì yára nídìí ẹyín iná, ni àlejò yóò jẹ ẹran rẹ̀ tán láì ṣẹ́ egungun kan kù sínú àwo.