Owó ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin: Ta ni yóò máa ṣọ́ akápò?

Bí òjò bá rọ̀ ní Festac Town, tí gọ́tà kún, tí omi sì gba ojú títì kan, ohun tí àwọn olùgbé máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni alága káńsù ń fi owó ṣe. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Orúkọ alága kò ṣòro láti mọ̀, nítorí pé àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ káàkiri nígbà ìbò. Ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, tí wọn kì í sì í béèrè, ni akápò káńsù, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ń gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Bí ẹni náà kò bá mọ iṣẹ́, tàbí tó mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò lágbára láti sọ pé "rárá" fún ọ̀gá, owó ìlú kò ní olùṣọ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kì í ṣe kékeré. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ Festac Town nítorí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé, èyí tó wáyé lọ́dún 1977. Òun àti Mile 2, Kírìkírì, Satellite Town àti Agbójú wà lára àdúgbò tó para pọ̀ jẹ́ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, tí ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé èèyàn ibẹ̀ jẹ́ 318,166. Òfin ilẹ̀ wa tọdún 1999 gbé ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ibi ìsìnkú, ìkólẹ̀, títì àdúgbò àti gọ́tà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fún un ní ipa nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Kò sí èyí tó ṣeé ṣe láìsí owó nínú wọn.

Àpò àpapọ̀ ilẹ̀ wa ni púpọ̀ nínú owó ọ̀hún ti ń wá. Abala 162 nínú òfin náà sọ pé kí ó gba inú àpò àjùmọ̀ní kan tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó kọjá, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ̀sùn kan àwọn gómìnà pé wọ́n ń fọwọ́ bọ àpò yìí. Ní Èkó, nǹkan tún le sí i lọ́dún 2004, nígbà tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà dúró nítorí káńsù tuntun 37 tí ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú dá sílẹ̀. Oríadé, tí wọ́n yọ lára Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, wà lára wọn. Lọ́jọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé Ààrẹ kò lágbára láti dá owó náà dúró.

Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó yóò gbà dé ni ìdájọ́ náà yanjú. Títọ́jú rẹ̀ nígbà tó bá dé tán jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí gómìnà kò bá fọwọ́ kan owó mọ́, tí alága sì wá ń ná an bó ṣe wù ú, a kàn gba ẹran lẹ́nu kìnnìún fi sẹ́nu ìkookò ni.

Lórí ìwé, ètò ti wà. Ìlànà ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ sọ pé akápò ni olórí olùdámọ̀ràn káńsù lórí ọ̀rọ̀ owó. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná. Ọ́dítọ̀ kan wà nínú káńsù fúnra rẹ̀, ọ́dítọ̀ àgbà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ sì ń yẹ ìwé wọn wò, nítorí pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àmọ́ ìwé kì í ṣọ́ owó, èèyàn ló ń ṣọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Láyé ìjọba Western Region, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kan kalẹ̀ lábẹ́ E.W.J. Nicholson láti tú ìṣe káńsù Ìbàdàn wò, nígbà tí Adégòkè Adélabú jẹ́ alága rẹ̀. Àbọ̀ ìwádìí náà, tó jáde lọ́dún 1956, sọ pé ìwà ìbàjẹ́ wà níbẹ̀, Adélabú sì fi ipò mínísítà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún náà. Àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ NCNC ní òṣèlú ni Action Group fi ń bá a jà. Ohun tí ìtàn náà kọ́ni ni pé bí àyẹ̀wò kò bá wáyé àfi lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́, tó sì jẹ́ alátakò ló gbé e kalẹ̀, agbára káká ni gbogbo ìlú yóò fi gba àbọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, akápò gan-an ni olè. Ní Dixon, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí olùgbé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 16,000, Rita Crundwell ló jẹ́ olórí ètò ìnáwó láti ọdún 1983. Láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì fọkàn tán an débi pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ báńkì wà. Láàárín ọdún 1990 sí 2012, ó kó dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù 53, ó ń fi sin ẹṣin olówó ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ìlú ń wá owó tí yóò fi tún títì ṣe. Àwọn ọ́dítọ̀ láti ìta kò rí i. Ìgbà tó gba ìsinmi lọ́dún 2011, tí òṣìṣẹ́ mìíràn béèrè ìwé owó lọ́wọ́ báńkì, ni àṣírí tú. Lọ́dún 2013, ilé-ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 19 àti oṣù méje.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, òfin ọdún 1988 lórí ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ sọ pé olórí ètò ìnáwó káńsù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ oníṣirò owó tí òfin mọ̀. Abala 114 òfin náà ní bó bá rí i pé ìnáwó ọdún fẹ́ ju owó tó wà nílẹ̀ lọ, dandan ni kó kọ ìwé ìkìlọ̀ sí gbogbo káńsẹ́lọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó lórí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 21, àdéhùn ìnáwó tuntun á sì dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní Croydon, ní gúúsù London, ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2020, àti ní Birmingham ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023. Ìkìlọ̀ náà kò dá owó tó ti lọ padà, ṣùgbọ́n gbangba ló ti wáyé, ará ìlú sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta káńsù wọn lẹ́sẹ̀.

Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ẹ̀kọ́ ni, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín sí. Èkínní, kí akápò jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó yanjú, tó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ICAN, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1965, tàbí ANAN, tí òfin mọ̀ lọ́dún 1993. Ìlú Èkó ni wọ́n bí Akíntọ́lá Williams sí, ẹni tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gboyè nínú iṣẹ́ náà lọ́dún 1949. Irú wọn kò wọ́n ní Èkó. Èkejì, kí akápò tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìnáwó tí kò bófin mu má tìtorí rẹ̀ bá ara rẹ̀ ní káńsù mìíràn lọ́jọ́ kejì, kí ẹni tó ń sanwó má sì jẹ́ ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ará ìlú. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2011, fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n sì fi gbọ́dọ̀ dáhùn. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Olùgbé Festac kò nílò kó jẹ́ oníṣirò owó kó tó kọ lẹ́tà sí káńsù, kó sì béèrè ìbéèrè mẹ́ta: irú ìwé ẹ̀rí wo ni akápò wa ní? Kí ni ọ́dítọ̀ àgbà sọ nípa ìnáwó ọdún tó kọjá? Kí ni káńsù sì ti ṣe sí ohun tó sọ?