Kèké Ò Mọ Ẹni Tó Ń Yára: Bí Àwọn Èèyàn Ṣe Ń Wá Àyè Nínú Máratọ́ọ̀nù London

Ọ̀rọ̀ eré sísá ni mo gbé wá sára ògiri wa lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti intá-háùsì tí a ṣe kọjá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò fẹ́ dá ìjà ilé aláwọ̀ búlúù àti ilé aláwọ̀ yẹ́lò sílẹ̀ mọ́.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ń gbé ní Woolwich, ní ìlú London. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n nílé. Lóṣù kẹrin ọdọọdún, Máratọ́ọ̀nù London máa ń gba àdúgbò wọn kọjá. Àǹtí a gé ọsàn sínú abọ́, wọn a dúró lẹ́bàá títì, wọn a máa nà án sí àwọn tó ń sáré lọ. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn fẹ́ wà lójú títì yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ni ímeèlì ń dé pé wọn ò rí àyè.

Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹfà dé, wọ́n pe bàbá mi lórí WhatsApp. Mo wà níbẹ̀. Ohùn wọn ò já gaara. Inú bí èmi náà, mo gba fóònù lọ́wọ́ bàbá mi, mo ní, "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé torí pé ẹ ò yára tó ni, àbí torí orúkọ wa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Rárá o, ọmọ mi. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Kèké ò mọ orúkọ ẹnì kankan, kò sì mọ ẹni tó ń yára."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé eré sísá náà ni wọ́n wá ń fi kèké ṣe? Ohun tí mo rí nígbà tí mo wádìí nìyí.

BÓ ṢE GÙN TÓ

Eré ẹsẹ̀ tó gùn ní kìlómítà 42 àti mítà 195 ni máratọ́ọ̀nù. Tí pápá ìṣeré bá jẹ́ mítà 400 yíká, ẹ óò yí i po ní ìgbà 105, ẹ ó sì tún sá ààbọ̀ sí i. London gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá iye yìí, nígbà Òlíńpíìkì ọdún 1908. Iwájú ààfin Windsor ni wọ́n ti gbéra, inú pápá ìṣeré White City ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Nígbà tó di ọdún 1921, wọ́n fọwọ́ sí i pé iye yẹn ni gbogbo ayé á máa lò.

Ti London tí à ń sọ yìí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Chris Brasher, ẹni tó gba góòlù níbi Òlíńpíìkì ọdún 1956. Ó lọ sá máratọ́ọ̀nù New York lọ́dún 1979, ó rí bí èrò ṣe tú jáde tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, ó sì ní London náà yẹ kó ní irú ẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, John Disley, ló dá a sílẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1981 ni wọ́n sá àkọ́kọ́. Àwọn méjì tó ṣíwájú, Dick Beardsley ará Amẹ́ríkà àti Inge Simonsen ará Norway, di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n jọ kọjá ìlà òpin pọ̀.

Ẹ wá wo èyí dáadáa: lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn pàápàá, àwọn tó fẹ́ sá a lé ní 20,000. Àwọn 7,747 ni wọ́n gbà. Àwọn 6,255 ló sá a dé òpin. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí eré yìí ni èrò ẹnu ọ̀nà ti pọ̀ ju èrò inú ilé lọ.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌN Ò GBA GBOGBO ÈÈYÀN?

Mo bi Àǹtí ní ìbéèrè yìí gan-an. Wọ́n ní kí n ronú nípa ilé ìjẹun wa nílé-ìwé nígbà tí agogo ọ̀sán bá lù. Ilẹ̀kùn kan, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọmọ, kálukú pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

Apá Blackheath àti Greenwich ni wọ́n ti ń gbéra. Wọ́n á yípo ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Cutty Sark, wọ́n á gba orí afárá Tower Bridge, wọ́n á parí ẹ̀ sí The Mall, nítòsí ààfin ọba. Títì ọkọ̀ lásán ni gbogbo ẹ̀, àwọn ibì kan sì há. Wọn ò lè tú gbogbo èèyàn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìpín-ìpín ni wọ́n ń tú wọn. Omi mímu gbọ́dọ̀ wà, ilé ìyàgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà, dókítà àti ọkọ̀ áńbúláǹsì gbọ́dọ̀ wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣí títì padà fún mọ́tò kí ọjọ́ tó lọ. Ní ọdún 2025, àwọn tó sá a parí lé ní 56,000. Èyí pọ̀ gan-an fún eré ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún kèké ti ọdún 2026 lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùn-ún. Àní ká ní gbogbo àyè 56,000 yẹn ni wọ́n fi ṣẹ́ kèké, tí wọn ò yọ ìkankan sọ́tọ̀, ẹni kan nínú ogún ni ì bá rí i. Wọ́n sì ń yọ púpọ̀ sọ́tọ̀.

A DÁN AN WÒ NÍ KÍLÁÀSÌ

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ọ̀gá wa tó ń kọ́ wa ní ìṣirò. Wọ́n ní ká má kàn fẹnu sọ ọ́, ká ṣe é. A ya bébà ogún, a fàmì sí ọ̀kan, a ká gbogbo ẹ̀, a dà á sínú fìlà. Ẹni tó bá mú tirẹ̀ á dá a padà kí ẹlòmíràn tó mú. Ogójì ni wá ní kíláàsì. Ẹni mẹ́ta ló mú bébà alámì. Ọ̀kan nínú wọn kì í sáré rárá, àní ó máa ń gba àyè lọ́wọ́ tíṣà eré ìdárayá kó lè jókòó sábẹ́ igi. Ẹni tó gba ipò kìíní nínú mítà 1,500 wa ò mú nǹkan kan. Ariwo sọ!

Ó wá ní òun á mú un lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra, pé lẹ́yìn àdánù mẹ́sàn-án, ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá gbọ́dọ̀ jẹ. Kò jẹ. Ọ̀gá wa wá kọ ọ́ sójú pátákó. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, àǹfààní pé èèyàn ò ní rí i jẹ́ 19 nínú 20, ìyẹn 0.95. Ẹ fi 0.95 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá, ẹ óò rí nǹkan bí 0.60. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá gbìyànjú fún ọdún mẹ́wàá gbáko, nǹkan bí ọgọ́ta nínú wọn ni kò ní rí àyè rárá.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Fìlà yẹn ò rántí ẹni tó ti pàdánù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kèké London ò rántí pé Àǹtí ti dúró lójú títì fún ọdún mẹ́fà. Kò kórìíra wọn. Kò kàn mọ̀ wọ́n ni.

Ọ̀NÀ KAN Ò WỌJÀ

Yàtọ̀ sí kèké, àwọn ilẹ̀kùn mìíràn wà.

Èkíní ni ti ẹsẹ̀ yíyá. Wọ́n ní àkókò tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, fún ọkùnrin àti fún obìnrin. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti sá máratọ́ọ̀nù mìíràn láàárín àkókò yẹn, lè fi ẹ̀rí ẹ̀ béèrè àyè. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà níye. Tí àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n bá pọ̀ jù, àwọn tó yára jù ni wọ́n á kọ́kọ́ mú.

Èkejì ni ti ẹgbẹ́ eré sísá. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ àjọ eré ìdárayá wọn máa ń rí àyè díẹ̀ gbà, wọ́n á sì pín in láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn àjọ aláàánú. Àwọn àjọ yìí máa ń ra àyè sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò eré. Wọ́n á fún ẹni tó bá ṣèlérí láti bá wọn kó owó jọ. Nǹkan bí £2,000 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè. Ilẹ̀kùn yìí dáa, torí owó ẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ aláìsàn àti aláìní. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ẹni tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lówó á rí i kó kíákíá ju ẹni tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń yá owó jẹun. Kèké ò mọ ẹni tó ń yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ olówó náà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kan tún wà, èyí tí ò dáa. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ Àǹtí rí àyè nínú kèké, orúnkún wá ń dùn ún. Ó ní kí Àǹtí wá ra nọ́ńbà òun, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, ta ló máa mọ̀? Ó wù wọ́n, wọn ò purọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Ẹ̀yìn nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń kọ àìsàn tó ń ṣe èèyàn sí, àti oògùn tó ń lò. Wọ́n ní, "Tí mo bá ṣubú lulẹ̀ ní kìlómítà 35, ìtàn ara ẹlòmíràn ni dókítà máa kà kó tó tọ́jú mi." Yàtọ̀ síyẹn, òfin eré náà ò gbà á. Wọ́n ní kí onítọ̀hún yọ orúkọ ẹ̀ kó sì gbé e sí ọdún tó ń bọ̀, torí wọ́n fàyè ìyẹn sílẹ̀.

ÌDÍ TÍ ÀǸTÍ FI TẸRA MỌ́ Ọ

Bàbá mi ní àbúrò ọkùnrin kan tó ṣìkejì wọn. Mi ò bá wọn láyé. Fòníkú-fọ̀ladìde ló pa wọ́n, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Àǹtí ló ń gbé abọ́ omi gbígbóná wọlé fún wọn nígbà tí eegun bá ń ro wọ́n, Àǹtí ló sì ń tò wọ́n lẹ́sẹ̀ títí oorun á fi gbé wọn lọ. Wọ́n ní tí àwọn bá ń sáré tí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn àwọn, àwọn máa ń rántí pé ìrora tàwọn yìí, àwọn lè dáwọ́ ẹ̀ dúró nígbàkigbà. Ẹ̀gbọ́n àwọn ò lè dáwọ́ tiwọn dúró.

Lẹ́yìn ímeèlì ẹlẹ́ẹ̀kẹfà yẹn, Àǹtí kọ̀wé sí àjọ aláàánú kan tó ń ran àwọn tó ní àìsàn yìí lọ́wọ́. Wọ́n kọ ìtàn ẹ̀gbọ́n wọn sínú ẹ̀. Wọ́n gbà wọ́n.

Ní báyìí, tí wọ́n bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé, wọ́n á sùn díẹ̀, wọ́n á lọ sáré. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ń dín pọ́fù-pọ́fù tà lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kí £2,000 lè pé. Ó ti lé díẹ̀ ní ààbọ̀. Bàbá mi ti fi tiwọn ránṣẹ́. Èmi náà fi owó oúnjẹ ọ̀sán ọ̀sẹ̀ kan sí i. Kò tó ra pọ́fù-pọ́fù méjì ní London, ṣùgbọ́n Àǹtí kọ orúkọ mi sínú ìwé wọn.

Ẹ̀yin SS 3, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí kádìí fún. Ẹ ti ń retí JAMB, ẹ ó sì tún retí àyè ní yunifásítì. JAMB kì í ṣe kèké o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi sá fún ìwé kíkà! Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn kan bá tì mọ́ yín lójú, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ilẹ̀kùn tó jẹ́. Tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ tí ẹ ò ṣe, ẹ lọ ṣe é. Tó bá jẹ́ pé àyè ló kéré tí èrò pọ̀, ẹ má sọ fún ara yín pé ẹ ò wúlò. Ẹ wo ilẹ̀kùn kejì.

Mo tún bi Àǹtí pé, ká ní àjọ yẹn ò gbà wọ́n ńkọ́? Wọ́n ní, "Mi ò bá gé ọsàn mi, mi ò bá jáde síta. Lọ́jọ́ kejì, mi ò bá sì tún lọ sáré."

Lóṣù kẹrin yìí, ẹlòmíràn ló máa gé ọsàn.