Ilẹ̀ mímì: ohun tó yẹ kí ará Àgbádárìgì tó ń rìnrìn-àjò lọ sí Accra mọ̀

Kò sí ọjọ́ tí ọkọ̀ kì í gba Àgbádárìgì kọjá lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Oníṣòwò wà nínú èrò ọkọ̀ náà, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ń lọ kí ẹbí kò sì gbẹ́yìn. Wọn a gba Kútọnu, wọn a gba Lómé, wọn a sì wọ Accra. Ìyọnu ẹnubodè, jàǹbá ọkọ̀ àti olè ni wọ́n máa ń gbàdúrà sí kí wọ́n tó gbéra. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń lọ síwájú lójú ọ̀nà yìí, ilẹ̀ tó fara balẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ tó ti pa èèyàn rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1939, ilẹ̀ mì ní Accra. Agbára rẹ̀ tó 6.5 lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀. Ilé wó, ògiri là, èèyàn tó kú lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn tó farapa sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn tí kò rílé gbé mọ́ pọ̀ débi pé ìjọba òyìnbó ní láti kọ́ ilé tuntun fún wọn ní àwọn àdúgbò bíi Kaneshie, Korle Gonno àti Mamprobi. Ìmìtìtì náà dé Èkó, ó dé Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀, ó sì ṣòro láti gbà pé Àgbádárìgì tó wà láàárín Accra àti Èkó kò mọ̀ ọ́n lára.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní oṣù keje, ọdún 1862, irú rẹ̀ ti ba odi James Fort àti odi Christiansborg jẹ́ ní Accra kan náà. Nígbà náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní Àgbádárìgì ní ọdún 1845, ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún lórí ìdúró. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Kí ló dé tó jẹ́ Accra? Àpáta abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ là. Ẹ̀là kan ti ọ̀nà àwọn òkè Akuapem wá sí etíkun, èkejì bá etíkun lọ, àwọn méjèèjì sì pàdé ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, ní agbègbè Weija àti Nyanyano, níbi tí ilé ti pọ̀ bí eéṣú báyìí. Àpáta ọ̀tún àti tòsì ẹ̀là a máa ti ara wọn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí agbára tó ti kóra jọ bá borí ohun tó dì wọ́n mú, wọn a yọ̀ gbìì, ilẹ̀ a sì mì.

Àgbádárìgì fi ohun tó ju 300 kìlómítà jìnnà sí ẹ̀là yìí, ìyẹn sì jẹ́ oore ńlá. Ṣùgbọ́n orí iyanrìn ni ìlú náà wà, omi ọ̀sà níwájú, omi òkun lẹ́yìn, àpáta sì jìn nísàlẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa sọ ìmìtìtì tó ti ọ̀nà jíjìn wá di ńlá. Ẹni tó bá ti dúró létí òkun rí, tó fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn tútù léraléra, yóò ti rí i pé omi a rú sókè, ẹsẹ̀ a sì rì. Ohun tí ìmìtìtì líle lè ṣe sí ìpìlẹ̀ ilé nìyẹn.

Ilẹ̀ Yorùbá pàápàá ti mì rí. Ní ọjọ́ 28, oṣù keje, ọdún 1984, wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Ṣágámù àti Abẹ́òkúta. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 7, oṣù kẹta, ọdún 2000, títí dé Àkúrẹ́ àti Ọ̀yọ́. Àwọn wọ̀nyí kéré: ìmìtìtì tó jẹ́ 6.5 fi bí ẹgbẹ̀rún ìlọ́po ju èyí tó jẹ́ 4.5 lọ ní agbára. Ẹni tó bá ń sọ pé ilẹ̀ kì í mì ní Nàìjíríà kò sọ òtítọ́. Ẹni tó bá sì ń kéde pé ilẹ̀ máa tó gbé Àgbádárìgì mì, ẹ̀rù lásán ló ń dá bà aráàlú.

Ilé ni kí èèyàn bẹ̀rù jù. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mòrókò ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, ògiri àti òrùlé tó wó lulẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí òkú sún mọ́ 3,000. Ní Ìkòyí, ní oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún wó pa èèyàn tó lé ní 40, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò mì rárá.

Bí ilẹ̀ bá mì bá arìnrìn-àjò nínú ilé, kò gbọdọ̀ sáré sórí àtẹ̀gùn. Abẹ́ tábìlì tó lágbára ni kó wọ̀, kó fi ọwọ́ bo orí, kó jìnnà sí fèrèsé. Ẹni tó wà níta kí ó yẹra fún ògiri àti òpó iná. Awakọ̀ kí ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, kì í ṣe lábẹ́ afárá. Bí ó bá jẹ́ etíkun ni, tí ilẹ̀ mì pẹ́, tàbí tí òkun fà sẹ́yìn lójijì, kí ó gba ọ̀nà ibi gíga lọ láìdúró de ìkéde.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń dá ọjọ́ kò ṣeé gbára lé, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó lè dá ọjọ́ fún ilẹ̀ mímì. Ní oṣù kìíní, ọdún 2010, ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì ní Háítì tí àhesọ gba gbogbo Gánà pé ó ń bọ̀ níbẹ̀ lóru. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbé ọmọ wọn jáde, wọ́n sì sun ìta mọ́jú. Ilẹ̀ kò mì. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, ọdún 2020, ni Accra mì, láìròtẹ́lẹ̀.