Afárá Ìkòyí Lórí Kọ̀ǹpútà Àwọn Ọmọ Wa

Bí ẹ bá rí ọmọ yín níwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé, tí ó ń to bíríkì LEGO láì sí bíríkì kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má tètè pariwo pé ó ń fi epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò. Bíríkì gidi wọ́n lọ́jà, ti inú kọ̀ǹpútà kì í ná ni ní kọ́bọ̀. Ní ọdún 1995 ni James Jessiman, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣe LDraw, ètò tí a fi ń to bíríkì wọ̀nyí. Ó kú ní 1997, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ń fi kún iṣẹ́ náà títí di òní. BrickLink Studio, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò báyìí, pẹ̀lú ń ka fáìlì LDraw.

Kì í ṣe eré náà ni ó ń kó wàhálà bá àwọn ọmọ wa, bí wọ́n ṣe ń ṣètò rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a mú afárá tí ó so Lẹ́kí pọ̀ mọ́ Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2013. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.36, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣubú sómi, sì ń tún ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní ọmọ yín fi bíríkì 14 ṣe ègé irin náà kan, tí ó sì nílò ègé 40. Bíríkì 560 nìyẹn. Ó dà á kọ, ó dà á kọ, títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàkíyèsí pé irin náà ga jù. Níbí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pa iṣẹ́ tì, tí inú wọn sì ń bàjẹ́.

Ohun tí ó yẹ ni kí ó ṣe ègé kan péré, kí ó fi pamọ́ bí àdìpọ̀ tí ó dá dúró, kí ó sì máa pè é síbi gbogbo tí ó bá ti nílò rẹ̀. Ẹ rántí télọ̀ tí ń rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin: bébà kan ni ó fi ń gé aṣọ gbogbo wọn. Àmọ́ bí télọ̀ bá tún bébà náà gé, aṣọ tí ó ti rán kò ní yí padà. Nínú kọ̀ǹpútà, bí a bá tún àdìpọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, gbogbo 40 ni yóò yí padà lójú kan náà.

Fáìlì LDraw kì í ṣe awo. Ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà tí a lè ṣí kà ni. Ìlà tí ó ń pe nǹkan wá máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, lẹ́yìn náà nọ́ńbà àwọ̀, nọ́ńbà 3 fún ibi tí yóò wà, 9 fún bí yóò ṣe kọjú, àti orúkọ rẹ̀ níkẹyìn. Orúkọ náà lè jẹ́ ti bíríkì kan, ó sì lè jẹ́ ti àdìpọ̀ odindi. Bí a bá fi àwọ̀ 16 sí bíríkì inú àdìpọ̀, àwọ̀ tí ìlà tí ó pè é bá fún un ni yóò gbà. Irin kan náà lè wá funfun níhìn-ín, kí ó pupa lọ́hùn-ún.

Nítorí náà, orúkọ ṣe pàtàkì púpọ̀. A ti rí fáìlì tí wọ́n pè ní "tuntun", òmíràn "tuntun gan-an", kò sì sí ẹni tí ó mọ èwo ni èwo mọ́. "Irin-egbe-afara" sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá sì yí orúkọ fáìlì padà lẹ́yìn tí ó ti ń pè é, ìlà tí ó ń wá orúkọ àtijọ́ kò ní rí i, irin yóò sì pòórá lórí afárá. Fáìlì MPD ń kó afárá àti gbogbo àdìpọ̀ rẹ̀ sójú kan, tí ọmọ lè fi fíláàṣì gbé lọ sí ilé ìwé láì gbàgbé ọ̀kan sílé. Kí ó tún ní ẹ̀dà mìíràn níbòmíràn, nítorí ètò a máa kásẹ̀ nílẹ̀: LEGO Digital Designer, tí iléeṣẹ́ LEGO fúnra rẹ̀ ṣe, kò ní alátìlẹ́yìn mọ́ láti 2022.

Ní tiwa, a kò rò pé ó yẹ kí a sọ gbogbo nǹkan di àdìpọ̀. Òpó gíga afárá náà, ẹyọ kan ni. Àwọn okùn irin tí ó ti orí rẹ̀ wá kò gùn bákan náà, àdìpọ̀ kan kò lè tó fún gbogbo wọn. Ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan ti wọ ojú afárá nìkan ni ó jọra, ibẹ̀ sì ni kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀.