Ọkọ̀ Yín Ń Míìsì? Ẹ Má Tíì Ra Kọ́ìlì Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Mo kàn yọ ẹ̀rín àti ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ọ̀rọ̀ fóònù nìkan ni mo máa ń sọ, ẹ farabalẹ̀, fóònù náà ṣì máa wọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ló ti ń fi ọkọ̀ pick-up jẹun báyìí. Ẹlòmíràn ń kó spíkà àti àga lọ sí òde àríyá, ẹlòmíràn ń kó tòmátò láti Mile 12. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló pọ̀ jù lára wọn. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, kò ní fà mọ́, iná check engine á tàn. Mẹkáníìkì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dẹtí sí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, á ní, "Kọ́ìlì ni. Ẹ lọ ra mẹ́fẹ̀ẹ̀fà." Owó tó yẹ kí ẹ fi san àjọ ni ẹ máa kó lọ sí Ládìpọ̀. Wọ́n á dè é tán, ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n.

Kì í ṣe pé mẹkáníìkì ń purọ́ o. Kọ́ìlì lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí kọ́ìlì mẹ́fà kú lọ́jọ́ kan náà. Tí ọ̀kan bá kú, ó ní ọ̀nà tí a fi ń mọ èyí tó kú, kò sì ju wákàtí kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí kọ́ìlì ń ṣe. Fóòtì 12 ni bátìrì ọkọ̀ ní. Iná tó kéré bẹ́ẹ̀ kò lè fo àlàfo tó wà lẹ́nu plọ́ọ̀gì, pàápàá nínú sílíńdà tí wọ́n ti tẹ afẹ́fẹ́ há mọ́ ibi kékeré. Nínú kọ́ìlì, wáyà méjì ló wà tí wọ́n wé mọ́ irin. Ọ̀kan nípọn, wọn kò wé e púpọ̀. Èkejì tín-ín-rín bí irun orí, wọ́n sì wé e lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Brain box á jẹ́ kí iná bátìrì wọ inú èyí tó nípọn, á sì já iná náà lójijì. Nígbà tó bá já a, agbára mágnẹ́ẹ̀tì tó ti gba inú irin náà á tú ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì bí iná tó lè ju 20,000 fóòtì lọ nínú wáyà kejì. Èyí ló ń fò lẹ́nu plọ́ọ̀gì tó fi ń tanná sí epo. Tí ẹ bá ń sáré lórí 3,000 RPM, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2008, lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, tó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ má bínú sí i.

Ibi tí fóònù ti wọ̀ ọ́ nìyí. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti pọn ọ́n ní dandan kí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀, títí kan pick-up, ní ihò OBD2. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, lápá ibi orúnkún awakọ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní ELM327, ẹ kì í bọ̀ ọ́, ẹ so ó mọ́ fóònù. Èyí tó ń lo Bluetooth lásán máa ń bá Android ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀yin oní-iPhone, ẹ béèrè èyí tó ń lo Wi-Fi tàbí Bluetooth LE, kí ẹ má baà ra nǹkan tí fóònù yín ò ní rí. Ẹ wá gbé app bíi Torque tàbí Car Scanner sórí fóònù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ ka kóòdù.

Ọkọ̀ mọ sílíńdà tó ń míìsì. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíráǹkì tó ń ṣọ́ bó ṣe ń yí. Gbogbo ìgbà tí sílíńdà kan bá tanná, kíráǹkì á ta síwájú díẹ̀. Tí ọ̀kan ò bá tanná, kíráǹkì á fà sẹ́yìn ní ìdá kékeré tí etí wa ò lè gbọ́, ṣùgbọ́n brain box á rí i, á sì kọ nọ́mbà sílíńdà náà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí kóòdù P0301 fi túmọ̀ sí sílíńdà kìíní, P0304 sí ẹ̀kẹrin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. P0300 ní tirẹ̀ ń sọ pé wọ́n ń míìsì káàkiri láìsí pàtó. Tí ẹ bá wá rí P0351 títí dé P0356, ìyẹn ń sọ nípa iná kọ́ìlì fúnra rẹ̀: kọ́ìlì, wáyà rẹ̀, tàbí ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n.

Ẹ ka kóòdù kí ẹnikẹ́ni tó yọ bátìrì. Mo tún un sọ: kí ẹnikẹ́ni tó yọ bátìrì. Àwọn kan nífẹ̀ẹ́ láti yọ orí bátìrì "kí iná yẹn lè kú." Iná á kú lóòótọ́, ẹ̀rí náà á sì bá a lọ.

Tí iná check engine bá dúró sójú kan, ẹ lè rọra wa ọkọ̀ délé. Tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dẹ ẹsẹ̀, ẹ wá ibi tẹ́ẹ́ máa dúró sí. Epo tí kò jó nínú sílíńdà ń lọ sínú kátálíìsì lábẹ́ ọkọ̀, á jó níbẹ̀, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ inú kátálíìsì náà dànù. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Wọ́n ti yọ ti èmi tà kí n tó rà á." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Epo tí kò jó yẹn ṣì ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ó sì ń ṣàn lọ bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, ọ́ìlì á di omi.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń fi Tacoma 2008 kó irinṣẹ́ sáúńdì. Ẹ́ńjìnnì 4.0 V6 ni, èyí tí Toyota ń pè ní 1GR-FE. Kọ́ìlì mẹ́fà ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sórí plọ́ọ̀gì tirẹ̀. Láàárọ̀, ọkọ̀ á dára. Tó bá gbóná, tó gbé ẹrù, tó ń gun bíríìjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àmì tó wọ́pọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo tó ni ìtẹ̀ inú sílíńdà ń pọ̀ sí i, iná sì nílò agbára ńlá kó tó lè fò lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì tí ara rẹ̀ ti sán á wá ọ̀nà tó rọrùn, á fò láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ bá irin ẹ́ńjìnnì. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ lè rí i bí ìmọ́lẹ̀ búlúù kékeré lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fojú wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án.

P0304 ni app gbé jáde. Lórí ẹ́ńjìnnì yìí, sílíńdà 1, 3, 5 wà lápá èrò, 2, 4, 6 wà lápá awakọ̀. A pa ẹ́ńjìnnì, a dúró kó tutù. A fi sípánà 10 tú bóòtì kan ṣoṣo tó di kọ́ìlì mú, a tẹ ẹnu ibi tí wáyà ti wọlé kó jáwọ́. Ike yẹn ti gbẹ lára ọkọ̀ àtijọ́, ẹ má fi agbára fà á. A gbé kọ́ìlì 4 sí 2, a gbé ti 2 sí 4. A kò fọwọ́ kan plọ́ọ̀gì. A pa kóòdù rẹ́, a gun bíríìjì kan náà. Kóòdù padà dé, ṣùgbọ́n P0302 ló kọ lọ́tẹ̀ yìí. Àìsàn ti tẹ̀lé kọ́ìlì. Ẹjọ́ ti tán, kọ́ìlì kan ló jẹ̀bi, márùn-ún tó kù lọ sílé wọn.

Ká ní P0304 ló tún padà ni ńkọ́? Kọ́ìlì ti yege nìyẹn. Plọ́ọ̀gì ni ẹ máa pààrọ̀ ipò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Tó bá ṣì dúró sí 4, ẹ wo ínjẹ́tọ̀, kí mẹkáníìkì sì wọn ìtẹ̀ sílíńdà náà pẹ̀lú géèjì. Tí omi rédíétọ̀ bá ń dínkù láìsí ibi tó ń jò, tí ọkọ̀ sì ń míìsì láàárọ̀ kùtù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dára, ẹ fura sí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn tóbi ju ọ̀rọ̀ kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì tuntun kankan ò sì lè wò ó.

P0300 nìkan, lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo? Ẹ ronú sí epo. Ẹ rántí oṣù Kejì 2022, nígbà tí bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú yìí. Epo burúkú kì í yan sílíńdà kan sílẹ̀.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ wo inú ihò tí ẹ ti yọ kọ́ìlì. Tí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì ló ń jò, ọ́ìlì náà ló ń ba rọ́bà ẹsẹ̀ kọ́ìlì jẹ́. Tí omi bá wà níbẹ̀, ẹ bi ẹni tó fọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣe àtúnṣe ibi tó ń jò ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ́ìlì tuntun á bá ti àná lọ.

Ọkọ̀ tó dàgbà ju èyí lọ yàtọ̀. Hilux ayé àtijọ́ tó ní dísítíríbútọ̀, kọ́ìlì kan ló ń bọ́ gbogbo sílíńdà, tó bá kú, ọkọ̀ kú nìyẹn. Tacoma V6 3.4 tó ṣáájú 2005 wà láàárín méjèèjì: kọ́ìlì mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sílíńdà méjì, 1 pẹ̀lú 4, 2 pẹ̀lú 5, 3 pẹ̀lú 6. Tí P0302 àti P0305 bá jọ yọ pọ̀, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ẹ máa mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Ford F-150 ọdún 2004 sí 2008 tó ní ẹ́ńjìnnì 5.4 oní-fáàfù mẹ́ta, ẹ yọ kọ́ìlì bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fọwọ́ kan plọ́ọ̀gì. Plọ́ọ̀gì inú wọn máa ń kán sínú orí ẹ́ńjìnnì.

Ó ku ọjà. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa gbé síwájú yín: ojúlówó tuntun, tuntun aláìlórúkọ tó ń dán, àti Belgium, ìyẹn èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òkèèrè. Tí owó bá wà, ojúlówó ni. Denso ló ń ṣe ti Toyota, nọ́mbà kọ́ìlì Toyota sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 90919. Tí owó ò bá sí, èmi á mú Belgium tó jẹ́ Denso ju tuntun aláìlórúkọ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jà lórí èyí. Ìdí mi ni pé wáyà mẹ́rin ló wọ kọ́ìlì yìí: iná bátìrì, àọ́ọ̀tì, àṣẹ láti ọ̀dọ̀ brain box, àti èsì tí kọ́ìlì ń dá padà pé "mo ti tanná." Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú orí kọ́ìlì tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí èsì rẹ̀ ò bá dé bó ṣe yẹ, brain box á máa kọ kóòdù, kódà nígbà tí iná bá ń fò dáadáa. Nítorí ẹ̀rọ yẹn náà ni títẹ mítà rẹ̀wáyà mọ́ kọ́ìlì láti wọn wáyà inú rẹ̀ kì í fi sọ òdodo fún wa. Orí ọkọ̀ la ti ń dán an wò.

Ẹ mú kọ́ìlì tó kú dání lọ. Ẹ fi nọ́mbà ara rẹ̀ wé tọjà, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ̀ irin inú ẹnu rẹ̀, ẹ wo gígùn ọ̀pá rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sára rẹ̀: ìlà dúdú tín-ín-rín tàbí ojú sísán lára ọ̀pá túmọ̀ sí pé iná ti ń sá gba ibẹ̀, ẹ dá a padà. Rọ́bà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe àdéhùn pé tó bá míìsì, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, kí oníṣọ́ọ̀bù fi pẹ́ńtì sàmì sí i níṣojú yín.

Ẹ ra plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́jọ́ náà tí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti pẹ́. Níbẹ̀, mo fọwọ́ sí mẹ́fà. Ẹnu plọ́ọ̀gì máa ń jẹ, àlàfo á fẹ̀, kọ́ìlì á máa ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Nọ́mbà 11 tó parí orúkọ ọ̀pọ̀ plọ́ọ̀gì NGK àti Denso ń sọ pé àlàfo rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.1. Ẹ fi géèjì wọ̀n ọ́n, nítorí ayédèrú pọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ra Belgium kan, ó dè é sí ibi 2, ó pa kóòdù rẹ́, ó sì gbé spíkà rẹ̀ gun bíríìjì lọ́jọ́ Sátidé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a tún ka kóòdù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fi máákà kọ "Ó TI KÚ" sára kọ́ìlì àtijọ́, ó fi òòlù fọ́ ọ kó tó sọ ọ́ nù, kí ẹnikẹ́ni má baà nù ún dán, kó tún gbé e padà sọ́jà.