Obìnrin tó tú àṣírí koríko òkun fún àwọn ará Japan

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, àwọn àgbẹ̀ koríko òkun máa ń péjọ sí ojúbọ Sumiyoshi nílùú Uto, ní Kumamoto, lórílẹ̀-èdè Japan, láti yẹ́ obìnrin òyìnbó kan sí tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn rí. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Kathleen Drew-Baker, ó sì ti kú láti ọdún 1957.

Nori ló pa wọ́n pọ̀, ìyẹn ewé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wé ìrẹsì sushi. Ìran koríko òkun pupa ni, bó tilẹ̀ dúdú lójú. Láyé àtijọ́, ọ̀pá ọparun ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ létí òkun kó lè hù sí i. Bí ooru bá mú, á pòórá. Bí omi bá tutù, á tún yọ. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí irúgbìn rẹ̀ ń sá sí. Abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní koríko tẹ́tẹ́.

Nígbà tí Drew-Baker lọ́kọ lọ́dún 1928, iṣẹ́ olùkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Manchester, torí wọn kì í gba abilékọ síṣẹ́ nígbà náà. Ó ṣá ń ṣèwádìí lọ láìgbowó oṣù. Ẹ̀yà nori tí àwọn ará Wales máa ń sè jẹ ló ń yẹ̀ wò. Ó rí i pé irúgbìn rẹ̀ tín-ín-tín máa ń lu ìkarahun wọlé, á sì di fọ́nrán pupa síbẹ̀. Láti ọdún 1892 ni àwọn onímọ̀ ti fún fọ́nrán yìí lórúkọ tirẹ̀, Conchocelis, wọn ò mọ̀ pé nori kan náà ni. Ọdún 1949 ni Drew-Baker gbé àwárí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature.

Onímọ̀ nípa koríko òkun, Sokichi Segawa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbá àwárí náà mú. Lónìí, inú ọpọ́n omi ńlá ni wọ́n ń to ìkarahun oyster sí, wọ́n á da irúgbìn lé e, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ jálẹ̀ ìgbà ooru. Tí omi bá ti ń tutù, fọ́nrán inú ìkarahun á tú irúgbìn mìíràn jáde. Wọ́n á wé àwọ̀n mọ́ àgbá tó ń yí bírí nínú omi náà títí irúgbìn á fi lẹ̀ mọ́ ọn, ó di òkun. Wọ́n tilẹ̀ máa ń kó àwọ̀n kan pamọ́ sínú fírísà, bí àrùn bá kọlu ti àkọ́kọ́.

Ní Zanzibar, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1989 ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń gbin ẹ̀yà koríko òkun pupa mìíràn, èyí tí wọ́n ń yọ èròjà tó ń mú áíìsìkiriìmù àti ọṣẹ ìfọyín ki lára rẹ̀. Gígé ni wọ́n ń gé e so mọ́ okùn, bí a ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ gbìn. Nítorí pé ara kan náà ni gbogbo wọn, àrùn tó bá mú ọ̀kan lè mú gbogbo rẹ̀, omi tó sì ń gbóná ti pa èyí tó lówó lórí jù, cottonii, ní ọ̀pọ̀ etíkun. Ẹni tó bá fẹ́ náwó lé iṣẹ́ wọn lórí, ilé ìtọ́jú irúgbìn ni kó kọ́kọ́ kọ́ kó tó ra okùn kún okùn.