Eré Bọ́ọ̀lù Irin ní Niamey: Ọjọ́ Kan Tí Àwa Ọ̀rẹ́ Lọ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Ta Àmì

Bí ẹ bá wà ní Niamey ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pariwo "Tire! Tire!" lábẹ́ igi dóńgóyárò, ẹ má ṣe sá o. Ọ̀rọ̀ Faransé yìí, "tirer", ni wọ́n ń lò fún ìbọn yíyìn, òun náà ni wọ́n sì ń lò nínú eré kan tí kò ní ìbọn nínú rárá. Bọ́ọ̀lù irin ni wọ́n ń jù, àmì kan ni gbogbo wọn sì ń fojú sùn. Pétanque ni orúkọ eré náà.

Láti Niger dé Benin, dé Togo àti Senegal, agbára káká ni ẹ fi máa rí ìlú tí Faransé ti ṣèjọba rí tí wọn kò ti ń ṣe eré yìí. Ní ọdún 2016, àwọn ọmọ Madagascar gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé níwájú àwọn ará ilé wọn ní Antananarivo. Ní ọdún 2023, Cotonou ló gbàlejò ìdíje àgbáyé mìíràn nínú eré yìí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé Niamey, tí àwọn Hausa ń pè ní Yarabawa, máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lójoojúmọ́ láìdúró wò ó. A ti gbà pé eré àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ mú kí ìlú tutù díẹ̀, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà kó àwọn ọmọ wa lẹ́yìn, a ní kí a lọ kọ́ ọ.

Eré ẹni tí kò lè sáré

Ìtàn eré yìí bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹsẹ̀ ríro. Ní La Ciotat, ìlú kan nítòsí Marseille ní gúúsù Faransé, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jules Lenoir. Ó mọ eré bọ́ọ̀lù àtijọ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n eré náà ń fẹ́ kí ènìyàn fẹsẹ̀ sáré díẹ̀ kí ó tó ju bọ́ọ̀lù. Làkúrègbé wá mú un lẹ́sẹ̀, kò lè sáré mọ́. Kàkà kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀ lórí àga kí ó máa wòran, wọ́n yí òfin eré náà padà: wọ́n fa àmì roboto sílẹ̀, wọ́n dín ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù máa rìn kù, wọ́n sì ní kí oníkálukú dúró sójú kan jù ú. Ní ọdún 1910 ni wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ níbẹ̀. Nínú èdè àwọn ará gúúsù Faransé, "pè" ni ẹsẹ̀, "tanca" sì ni ohun tí a fi múlẹ̀. Eré ẹsẹ̀-múlẹ̀ ni ìtumọ̀ pétanque.

Ìdí nìyí tí ìyá àgbà, bàbá àgbà àti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fi lè bá ara wọn du ayò kan náà, láìsí pé ẹnì kan ń ṣàánú ẹnì kejì.

Ohun tí a ń lò

Bọ́ọ̀lù irin kan kò ju ohun tó kún àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8, ó sì wúwo láti gíráàmù 650 sí 800. Àwọn ọmọdé ní èyí tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì tí gbogbo ènìyàn ń lé ni bọ́ọ̀lù igi kékeré kan tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 30. Wọ́n máa ń jù ú síwájú ní ìwọ̀n mítà 6 sí 10, ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá sì sún mọ́ ọn jù ló jẹ ayò. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní bọ́ọ̀lù méjì tàbí mẹ́ta tó sún mọ́ ọn ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ, gbogbo wọn ni wọn yóò kà fún un. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ dé 13 ló borí. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́ta, bọ́ọ̀lù méjì-méjì ni. Bí ó bá jẹ́ méjì sí méjì tàbí ẹnì kan sí ẹnì kan, mẹ́ta-mẹ́ta.

Àwọn Faransé ń pe bọ́ọ̀lù igi kékeré yẹn ní "cochonnet", ìyẹn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá tó wà láàárín wa, ẹ̀rín pa wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ ṣáà máa jù ú, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Láti ọjọ́ náà, òwe yẹn ni a fi ń gba ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù nù níyànjú.

Ẹ̀kọ́ lábẹ́ igi dóńgóyárò

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń ta aṣọ ló mọ bàbá kan, ọmọ Zarma, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ta bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ nítòsí Odò Ọya. Tonton ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin àgbà níbẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó ní kí a sáà mú ewé tíì àti ṣúgà dání. A fi kílíṣí kún un.

Ìdúró ló kọ́kọ́ kọ́ wa. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú àmì roboto, a kò sì gbọdọ̀ gbé wọn títí bọ́ọ̀lù yóò fi balẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan ọwọ́: bọ́ọ̀lù wà lábẹ́, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ ni a fi ń tú u sílẹ̀ kí ó lè máa yí padà sẹ́yìn bó ṣe ń lọ. Bí ó bá ń yí bẹ́ẹ̀, kì í sáré jìnnà nígbà tó bá balẹ̀. Ojú ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rọra sún mọ́ àmì kì í wo àmì nìkan. Ibi tí bọ́ọ̀lù yóò ti balẹ̀ ló ń wò. Ilẹ̀ pupa Niamey kún fún òkúta wẹ́wẹ́, òkúta kan ṣoṣo sì lè darí bọ́ọ̀lù gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò.

Títa yàtọ̀ sí sísún. Bí bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì bá ti jókòó ti àmì, tí kò sí àyè láti sún mọ́ ọn jù ú lọ, à á ta á kúrò níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà gan-an ni a ó fojú sùn nígbà náà, kí tiwa sì bà á látòkè kí ó tó fara kan ilẹ̀. Bí tiwa bá wá jókòó síbi tí tiwọn ti kúrò, àwọn Faransé a ní "carreau", gbogbo pápá a sì pàtẹ́wọ́.

Nínú bọ́ọ̀lù 18 tí a kọ́kọ́ ta, méjì péré ló ba ohun tí a ń ta. Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa tó ń ṣe télọ̀ ló ni méjèèjì, pẹ̀lú ìró tó ró. Àwọn ọkùnrin tó ń fi gbogbo èjìká jù ú ń rán bọ́ọ̀lù lọ sódò. Tonton rẹ́rìn-ín, ó fi òwe Hausa dá wọn lóhùn: "Sannu ba ta hana zuwa." Ìrọra kì í dí ènìyàn lọ́wọ́ àtidé ibi tó ń lọ. Àwa náà ní tiwa nílé: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìdíje kan wà fún títa nìkan, kódà níbi ìdíje àgbáyé. Oríṣi àmì márùn-ún ni wọ́n ń tò sáàárín àmì roboto tó fẹ̀ ní mítà kan, wọ́n á sì ta ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mítà 6, 7, 8 àti 9. Ogún bọ́ọ̀lù ni lápapọ̀. Ẹni tí kò bá tàsé rárá, tó sì ta gbogbo rẹ̀ dé ojú rẹ̀, yóò gba 100. A fi ọ̀sán gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó ṣe dáadáa jù láàárín wa gba 11.

Èdè tí ẹgbẹ́ kejì kò gbọ́

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló mú kí a kọ àpilẹ̀kọ yìí fún ẹ̀yin òbí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Faransé ni ọmọ náà ń sọ nílé ìwé, Hausa àti Zarma ni ó ń sọ ní àdúgbò. Bí bàbá rẹ̀ bá bá a sọ Yorùbá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dáhùn. Tẹ́lẹ̀, ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Nàìjíríà ló máa ń tún ahọ́n rẹ̀ ṣe. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, àjọ ECOWAS ti ẹnubodè, ó sì di oṣù kejì ọdún 2024 kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ìsinmi ọdún yẹn kò ṣeé ṣe, ìyẹn tó tẹ̀ lé e náà sì bọ́. Bàbá ọmọ yìí ti ń bẹ̀rù pé bí òun bá mú un dé ilé, ọmọ náà kò ní lè kí ìyá òun.

Ní ìrọ̀lẹ́, Tonton pe àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan kí wọ́n wá bá wa ta. Bàbá ọmọ náà, ọmọ náà àti ọ̀rẹ́ wa tó ń ta aṣọ ló dúró fún wa. Àwọn ọ̀dọ́ náà gbọ́ Faransé, wọ́n gbọ́ Hausa, Zarma sì ni èdè abínibí wọn. Bí ẹgbẹ́ tiwa bá fẹ́ gbìmọ̀, Yorùbá nìkan ló kù. Ọmọ yìí ló kọ́kọ́ fura sí i. Bí bàbá rẹ̀ ṣe fẹ́ ta, ó sún mọ́ ọn, ó rọra sọ fún un pé, "Dádì, ẹ má tíì ta á. Ẹ jẹ́ kí n gba apá òsì sún tèmi mọ́ ọn." Bàbá rẹ̀ dúró, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ó yà fún un.

Láti ìgbà náà ni Yorùbá ti ń jáde lẹ́nu ọmọ yìí bí omi ẹ̀rọ. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́ wa tó ń ta aṣọ lé ti àwọn ọ̀dọ́ náà lọ tó sì jókòó síbẹ̀, obìnrin náà fò sókè: "Ó gbapò rẹ̀!" Ọmọ náà gba ọ̀rọ̀ yẹn mú, kò pe "carreau" mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n fi 13 sí 9 na ẹgbẹ́ tiwa, kò sì dùn ún rárá.

Ẹ̀kọ́ èdè la yàn láàyò, a sì ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí bí èdè ṣe ń kúrò lẹ́nu ọmọ tó dàgbà sí ìdálẹ̀. Ohun tí a rí lọ́jọ́ náà kò ṣòro láti yé ènìyàn: ọmọ kì í sọ èdè tí kò rí iṣẹ́ fún. Ẹ lè fi ìbáwí mú un dáhùn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá di ohun tí yóò fi jẹ ayò, fúnra rẹ̀ ló wá a kiri.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ gbalasa kan tó, kò dìgbà tí ẹ bá rí pápá ńlá. Bí ẹ kò bá rí bọ́ọ̀lù irin rà, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe àmì, kí ẹ sì fi ọsàn ńláńlá ta á. Àwọn òbí wa náà ṣe irú rẹ̀ rí: ẹ béèrè eré arìn lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré. Irin ni bọ́ọ̀lù yìí, òwe wa sì sọ pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Kí gbogbo ènìyàn dúró sí ẹ̀yìn ẹni tó ń ta, kí ọmọdé kankan má sì sáré lọ mú bọ́ọ̀lù títí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi jù ú tán. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn lè jókòó sórí àga nínú àmì roboto, kí ó máa ta láti ibẹ̀.

Ẹ pín àwọn ọmọ mọ́ àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹ má ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá sì wà ní ìdálẹ̀, ẹ wá aládùúgbò tí kò gbọ́ Yorùbá kí ó wá bá yín ta. Nígbà náà ni ẹ ó gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ yín mọ̀.